Káàdì Alájọ àti Áàpù: Bí Dìsáínà Ṣe Ń Mọ Ohun Tí Òǹlò Ń Wá àti Ẹni Tí Wọ́n Jọ Ń Díje

Bí a bá ní ẹnì kan ń ṣe iṣẹ́ UX (user experience, ìyẹn ìrírí òǹlò), ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni àwọ̀ mèremère, bọ́tìnnì róbótó àti àwòrán tó ń yí lójú fóònù. Àwọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni wọ́n ń kàn án. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí dìsáínà tó mọṣẹ́ tó fa ìlà kan ṣoṣo, torí ìbéèrè méjì wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ìdáhùn sí. Kí ni àwọn tó máa lo nǹkan yìí ń wá gan-an? Ta ló sì ti ń bá wọn ṣe é kí àwa tó dé?

Ìbéèrè kejì ni wọ́n máa ń ṣì mú jù. Wọ́n rò pé kí á kó áàpù mẹ́rin tó jọ tiwa jọ, kí á ka gbogbo ohun tó wà nínú wọn, kí á sì fi ọ̀kan lé e, ló ń jẹ́ mímọ abánidíje. Bẹ́ẹ̀, abánidíje tó lágbára jù lè má ní áàpù rárá. Ó lè jẹ́ ìyá kan tó gbé báàgì kọ́ èjìká, tó ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, tó ń fi báírò sàmì sí káàdì.

Ọ̀rọ̀ ìfowópamọ́ ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àròkọ yìí, torí àjọ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ta ni oníbàárà, ta ni òǹlò?

Iṣẹ́ UX yìí kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Don Norman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé orúkọ náà lárugẹ nígbà tó dé ilé iṣẹ́ Apple ní 1993, tó fi í sínú orúkọ ipò rẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ gbé ìwé kan jáde ní 1988 nípa àwọn ohun èlò ojoojúmọ́ tó ń da èèyàn láàmú: ilẹ̀kùn tí a kò mọ̀ bóyá títì ni àbí fífà, sítóòfù tí a kò mọ bọ́tìnnì tó ń tan ojú iná kọ̀ọ̀kan. Ohun tó dúró lé ni pé bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń ṣi nǹkan kan lò, ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló ti yẹ ká wá ẹ̀bi náà. Ìrírí òǹlò sì gbòòrò ju ojú fóònù lọ. Láti ìgbà tí èèyàn ti gbọ́ orúkọ nǹkan náà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dé ìgbà tí owó rẹ̀ há sójú ọ̀nà, tó ń pe ẹni tó máa bá a tú u.

Ẹni mẹ́ta ló yẹ ká yà sọ́tọ̀ síra wọn. Oníbàárà ni ẹni tó gbéṣẹ́ wá, tó máa sanwó iṣẹ́. Òǹlò ni ẹni tí nǹkan náà máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abánidíje ni ẹnikẹ́ni, tàbí ohunkóhun, tí òǹlò lè yàn dípò tiwa. Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni pé wọ́n ka oníbàárà àti òǹlò sí ẹnì kan náà.

Ká ní báǹkì kékeré kan ní Ìbàdàn ní kí wọ́n bá òun ṣe áàpù ìfowópamọ́ fún àwọn ọlọ́jà. Báǹkì ń wá owó tó máa pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó lè rí i yá àwọn mìíràn. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà ń wá owó iléèwé tó máa pé pérépéré nígbà tí wọ́n bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Méjèèjì kò lòdì síra wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Iṣẹ́ dìsáínà ni láti wá ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Tí kò bá sì síbẹ̀, kó tètè sọ fún báǹkì kí owó tó run.

Oníbàárà máa ń gbé ojútùú wá

Ìṣòro ló yẹ kí oníbàárà gbé wá, ṣùgbọ́n ojútùú ló sábà máa ń gbé dání. Á ní, “Ẹ bá wa ṣe irú áàpù tí àwọn lágbájá ṣe, kí tiwa ṣáà ní àwọ̀ ewé.” Bí ìgbà tí èèyàn mú àwòrán aṣọ tó rí lórí Instagram tọ télọ̀ lọ ló rí, tó ní bó ṣe rí gẹ́lẹ́ lòun fẹ́ ẹ. Télọ̀ tó mọṣẹ́ kò ní jiyàn, kò sì ní sáré gé aṣọ. Á béèrè pé òde wo ni, ṣé ìjókòó ló pọ̀ níbẹ̀ àbí ijó, kó tó na téèpù.

Àwọn ìbéèrè tó máa ń la ọ̀rọ̀ kì í le. Kí ló ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ fi ronú kan áàpù lọ́dún yìí, tí kì í ṣe ní èṣí? Àwọn wo ló ti ń fowó pamọ́ sọ́dọ̀ yín, àwọn wo ló sì ti kó tiwọn lọ? Tí oṣù mẹ́fà bá kọjá lẹ́yìn tí áàpù bá jáde, kí lẹ máa rí tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́? Ta ló lè sọ pé ká dá iṣẹ́ dúró? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló máa ń gbé agbẹjọ́rò jáde láti yàrá ẹ̀yìn, àti ẹni tó ń mójú tó òfin báǹkì àgbà, tó máa ránni létí pé ẹ kò lè ṣí àkáǹtì fún èèyàn láìgba nọ́ńbà ìdánimọ̀ bíi BVN, tó ti wà láti 2014. Ó sàn kí irú wọn sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ju kí wọ́n wá sọ ọ́ lẹ́yìn tí gbogbo ojú ewé ti parí.

Lójú tèmi, ọ̀gá àgbà kọ́ ni ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúlò jù nílé iṣẹ́ oníbàárà. Àwọn tó ń gbé fóònù ni. Bí ẹ bá jókòó ti ọmọbìnrin tó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn fún wákàtí méjì péré, ẹ máa gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé ìròyìn ilé iṣẹ́ kankan: ohun tí àwọn èèyàn ń bínú sí, ohun tí wọn ò lóye, gbólóhùn tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Gbólóhùn yẹn ṣe pàtàkì, torí bó bá yá, òun ló yẹ kí á kọ sójú bọ́tìnnì.

Jared Spool, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, kọ ìtàn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ńlá kan tí kò dárúkọ. Ilé ìtajà náà ní kí gbogbo ẹni tó bá ti ṣàjọ ọjà rẹ̀ tán kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ kó tó sanwó. Oore ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe, torí ẹni náà kò ní máa tún àdírẹ́sì kọ nígbà tó bá padà wá. Nígbà tí wọ́n jókòó ti àwọn tó ń rajà, wọ́n rí i pé inú ń bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn tó sì ti wá rí kò rántí íméèlì tàbí páswọ́ọ̀dù tí wọ́n lò. Wọ́n yọ bọ́tìnnì ìforúkọsílẹ̀, wọ́n fi èyí tó ní kí èèyàn máa tẹ̀ síwájú rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò pọn dandan láti forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó ń ra ọjà dópin fi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, àfikún owó tó wọlé lọ́dún àkọ́kọ́ sì jẹ́ mílíọ̀nù 300 dọ́là. Oníbàárà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ o. Ohun tó dá a lójú ló sọ.

Àdúrà kì í ṣe èsì

Ọ̀dọ̀ òǹlò ni iṣẹ́ ti ń dùn, ibẹ̀ náà ló sì ti nira jù nílẹ̀ wa, nítorí ọ̀wọ̀. Ọmọ dáadáa kan á gbé fóònù tọ màmá kan lọ ní ìsọ̀, á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ wo áàpù tá à ń ṣe, mà. Ṣé ẹ máa lò ó?” Màmá á wò ó, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ó mà dáa o, ọmọ mi. Ọlọ́run á ti iṣẹ́ yín lẹ́yìn.” Ọmọ yẹn á padà sí ọ́fíìsì, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọlọ́jà fẹ́ràn rẹ̀. Àdúrà ló gbà, kò tíì gbọ́ èsì. Kò sí ìyá tó lójú àánú tó máa sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ohun tó fi oṣù mẹ́ta ṣe kò wúlò fóun.

Nítorí náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í béèrè ohun tí èèyàn máa ṣe lọ́la, ohun tó ṣe lánàá ni wọ́n ń béèrè. “Owó tẹ́ ẹ kó jọ kẹ́yìn, mà, ọ̀dọ̀ ta lẹ kó o sí? Kí lẹ fi ṣe nígbà tó pé? Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ẹ nílò rẹ̀ kó tó pé? Báwo lẹ ṣe ṣe é?” Ẹni tí wọ́n bá bi ní irú ìbéèrè yìí ìtàn ló máa sọ. Inú ìtàn yẹn ni orúkọ àwọn abánidíje wa máa ti jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè wọn: alájọ, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, èésú tí àwọn aláṣọ jọ ń dá, àpò gàrì mẹ́ta tó rà sílẹ̀ kí owó má bàa tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n kéékèèké wà níbẹ̀. Ẹ má lọ nígbà tí ọjà bá ń gbóná. Ẹ ra nǹkan. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà ẹgbẹ́ yín mú yín mọ ìyálọ́jà kí ẹ tó máa ti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò káàdì ẹnikẹ́ni. Ìwà ọmọlúàbí ni, ó sì tún ti di ọ̀rọ̀ òfin láti ìgbà tí wọ́n ti buwọ́ lu òfin ààbò dátà Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà, 2023. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, kí ẹ wo ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe, torí ọwọ́ máa ń sọ ohun tí ẹnu gbàgbé.

Kẹ́ńyà ni àpẹẹrẹ tó mọ́lẹ̀ jù lórí èyí ti wá. Ní oṣù Kẹwàá, 2005, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù Vodafone àti Safaricom bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kékeré kan pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ayánilówó tó ń jẹ́ Faulu, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára àwọn tó fowó sí i. Èrò wọn ni pé kí àwọn tó yá owó kékeré máa fi fóònù san gbèsè wọn padà. Nígbà tí wọ́n wo ohun tí àwọn èèyàn ń fi í ṣe, wọ́n rí i pé wọ́n ti mú un lọ síbi mìíràn. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ síra wọn. Òmíràn ń kó owó sínú rẹ̀ kó tó rin ìrìn àjò, á sì gbà á níbi tó bá dé, kí olè má bàa gbà á lọ́nà. Nígbà tí iṣẹ́ náà fi jáde fún gbogbo ará ìlú pẹ̀lú orúkọ M-Pesa ní oṣù Kẹta, 2007, fífi owó ránṣẹ́ sílé ni wọ́n fi polówó rẹ̀, wọn ò dárúkọ gbèsè sísan mọ́. Ta ni M-Pesa wá ń bá díje? Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí àwọn èèyàn ń fún lówó inú àpòòwé kó bá wọn gbé e dé abúlé.

Kí ni alájọ ń tà?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Bódìjà, ká sì wo káàdì alájọ dáadáa. Páálí kékeré ni, èyí tó lè wọ inú pọ́ọ̀sì. Orúkọ alájọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lókè, orúkọ ẹni tó ń dá àjọ wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú iye tó ń dá lójúmọ́. Ìyókù jẹ́ àpótí 31 tí wọ́n fi ìlà pín. Lójoojúmọ́ tí owó bá ti wọlé, alájọ á buwọ́ lu àpótí kan, á sì sàmì sí èyí tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè ka àpótí tó ṣófo. Bí ó bá ti wò ó fìrí, ó ti mọ ibi tó dé. Kò fẹ́ PIN, kò fẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, kò fẹ́ iná. N kò tíì rí ojú áàpù ìfowópamọ́ kan tó fi ìwọ̀nba nǹkan sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó báyìí.

Ẹ wá ka owó ibẹ̀. Ẹni tó ń dá ₦500 lójúmọ́ máa kún àpótí 31 pẹ̀lú ₦15,500. Alájọ á fún un ní ₦15,000, á sì mú ₦500 ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Ìdá mẹ́ta àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Èyí ni pé màmá ń sanwó kí wọ́n tó bá a tọ́jú owó ara rẹ̀, báǹkì sì wà ní ìkọjá títì tó fẹ́ fún un ní èlé. Ọ̀dọ́mọdé tó ń ṣe áàpù á rí èyí, á ní àìmọ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣìnà.

Ẹsẹ̀ ni alájọ kọ́kọ́ ń tà. Ó ń wá bá èèyàn ní ìsọ̀, ọjà kò sì ní dá dúró. Àwọn àgbà ṣì ń yin ọlọ́pọlọ pé orí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín láìronú sí i. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe nípa rẹ̀ ni pé mọ́tò kò lè wọ ojú ọ̀nà tóóró tí àwọn tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ rẹ̀ wà, kẹ̀kẹ́ sì lè wọ̀ ọ́. Lédè àwọn oníṣẹ́ UX, ọkùnrin yẹn ti ṣèwádìí òǹlò parí.

Ohun kejì tí alájọ ń tà ni àlàfo láàárín èèyàn àti owó ara rẹ̀. Owó tó wà nílé, ọmọ á béèrè, àbúrò á béèrè, aṣọ ẹbí á dé. Owó tó wà lọ́dọ̀ alájọ, “kò sí lọ́wọ́ mi,” òótọ́ sì ni. Ẹ̀kẹta ni ojú: ìtìjú kí èèyàn tí ń bọ̀ wá lójoojúmọ́ má wá bá ọwọ́ òfìfo. Ẹ̀kẹrin, alájọ tó bá mọ èèyàn lè yá a lówó kí káàdì tó kún.

Ó ní ibi tí ó kù sí, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n. Alájọ lè sá lọ. Àìsàn lè dá a dúró, olè lè pàdé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tó yẹ kí áàpù gbé ẹsẹ̀ lé nìyẹn, kì í ṣe ibi tí alájọ ti dára jù ú lọ.

Áàpù ìfowópamọ́ PiggyVest lóye ohun kejì tí alájọ ń tà yẹn dáadáa. Ìtàn tí àwọn tó dá a sílẹ̀, Odunayo Eweniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, máa ń sọ ni pé ní òpin 2015, obìnrin kan fi kóló onígi tó ti ń kó owó sí hàn lórí Twitter. Ó ń ju ₦1,000 sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún odindi ọdún, nígbà tó fọ́ ọ, ₦365,000 ló bá níbẹ̀. Àwọn èèyàn mìíràn ń bi í pé níbo làwọn ti lè rí irú rẹ̀ rà. Ní 2016, áàpù náà jáde, Piggybank ló ń jẹ́ nígbà náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú rẹ̀ ni pé wọn kò jẹ́ kí gbígba owó jáde rọrùn: ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n yàn láàárín ọdún tí èèyàn lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́jọ́ mìíràn á san owó ìtanràn. Ìwé ẹ̀kọ́ UX tó pọ̀ á ní kí á mú gbogbo nǹkan rọrùn. Kóló tó ní kọ́kọ́rọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ abánidíje wò

Ní báyìí tí a ti mọ ohun tí màmá ń wá, a lè wá wo àwọn tó ń fún un. Bí wọ́n bá ṣe é ní òdìkejì, tí wọ́n kọ́kọ́ wo abánidíje, ohun tó wà nínú áàpù ẹlòmíràn ló máa di òṣùwọ̀n, ọkàn kò sì ní sí lára òǹlò mọ́.

Abánidíje tààrà ni àwọn tó ń ṣe irú nǹkan kan náà fún irú èèyàn kan náà, ìyẹn àwọn áàpù ìfowópamọ́ yòókù. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ń yanjú ìṣòro kan náà ní ọ̀nà mìíràn: alájọ, kóló, èésú, àpò gàrì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni kí èèyàn má ṣe nǹkan kan rárá, kó di owó mọ́ etí ìró. Mo ti rí ìwé àyẹ̀wò abánidíje tó pọ̀ tí kò kọjá ti àkọ́kọ́, torí òun nìkan ló ṣeé wò láti orí àga ọ́fíìsì.

Tí ó bá kan áàpù, ẹ má wo àwòrán rẹ̀ lásán. Ẹ ṣí àkáǹtì, kí ẹ fi ojúlówó owó sí i, ₦1,000 tó. Ẹ ṣe é lórí fóònù pọ́ọ́kú tí àyè inú rẹ̀ ti kún, nínú oòrùn, pẹ̀lú dátà tó ń fà. Ẹ ka iye ojú ewé tó wà láàárín ìgbà tí ẹ ṣí i àti ìgbà tí owó wọlé, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n béèrè àti ibi tí wọ́n ti béèrè rẹ̀. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe. Ẹ gbàgbé PIN. Ẹ pè wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ gba owó yín jáde. Ẹ tún wo USSD, ìyẹn kóòdù tí èèyàn ń tẹ̀ lórí fóònù láìlo áàpù, torí ẹni tí kò ní fóònù ńlá òun ló ń lò, owó rẹ̀ sì ń jáde níbì kan: ní 2021, ₦6.98 ni wọ́n kéde pé kí ìlò kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹni tó ń dá ₦200 lójúmọ́ máa rí owó yẹn lójú ju bí ẹ ṣe rí i lọ.

Lẹ́yìn náà ni kíka ohun tí àwọn òǹlò kọ sábẹ́ áàpù náà. Ẹni tó fún un ní ìràwọ̀ kan, inú ń bí i. Ẹni tó fún un ní márùn-ún, ó ń yin Ọlọ́run. Ẹni tó fún un ní mẹ́ta ló sábà máa ń ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni èmi máa ń kọ́kọ́ kà.

Gbogbo ohun tí wọ́n bá rí, inú táàbù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bí wọ́n ṣe tẹ́ táàbù náà ni àṣírí rẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á kọ ohun tí áàpù ní sẹ́gbẹ̀ẹ́: ó ní káàdì, ó ní àwòrán ojú, ó ní ìpolówó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ ohun tí màmá ń wá, lọ́rọ̀ ẹnu màmá. “Kí owó kúrò lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo fi ìsọ̀ sílẹ̀”: alájọ gbà, kóló kùnà tí ó bá wà nílé, áàpù ńkọ́? Níbí ni wọ́n ti máa ń dákẹ́. Owó bébà ló wà lọ́wọ́ màmá. Kó tó dé inú áàpù, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá oní-POS, kó sanwó fún un, kó tó wá máa tẹ fóònù. “Kí n lè rí i pé ó ń pọ̀ sí i”: káàdì ṣe é, áàpù ṣe é, kóló fi mímì nìkan ṣe é. “Tí ẹni tó ń bá mi kó o bá sá lọ ńkọ́?”: alájọ kùnà pátápátá. Báǹkì kékeré wa borí níbẹ̀, nítorí láti 2024, ilé iṣẹ́ adójútòfò owó báǹkì, NDIC, ń dáàbò bo owó tó tó mílíọ̀nù 2 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú irú báǹkì bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn yẹn, ní Yorùbá tó mọ́ gaara, ló yẹ kó wà lójú ewé àkọ́kọ́ áàpù náà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ya òdòdó sí.

Nígbà mìíràn, táàbù náà á sọ ohun tí oníbàárà kò retí. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ àti ojú alájọ ni màmá ń ra, kí ló dé tí a ó fi bá alájọ jà? Ẹ ṣe áàpù fún alájọ. Kó máa kó owó bó ṣe ń kó o, kí àmì dé sórí fóònù màmá lójú ẹsẹ̀, kí owó sì wà ní báǹkì ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí a pè ní abánidíje ti di òǹlò àkọ́kọ́ nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló máa ń fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá èyí tó ti sọ fún ìgbìmọ̀ rẹ̀ pé òun máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn alájọ.

Èyí tó yẹ ká wò kọ, èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀

“Àwọn abánidíje ní i, àwa náà gbọ́dọ̀ ní i.” Gbólóhùn yìí ti ba áàpù púpọ̀ jẹ́. Láti ìta, a kò lè mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, a kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń lò ó, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti ń múra láti yọ ọ́ kúrò. Síbẹ̀, ohun kan wà tó yẹ kí á bá gbogbo wọn dọ́gba níbẹ̀. Jakob Nielsen, àgbà kan nínú iṣẹ́ yìí, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé orí ojúlé àwọn ẹlòmíràn ni àwọn èèyàn ti ń lo ọ̀pọ̀ àkókò wọn, nítorí náà wọ́n á retí kí tiwa ṣiṣẹ́ bíi ti àwọn yẹn. Tó bá jẹ́ pé òkè ni gbogbo áàpù owó ń fi iye tó kù sí, tí àwa bá gbé e sísàlẹ̀, a kò mú ọgbọ́n tuntun wá, wàhálà la dá sílẹ̀.

Yíyẹ abánidíje wò kì í sì í ṣe amí. Ohun tó wà ní gbangba nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá ń ra òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn kó lè rí ìwé inú wọn ti kúrò nínú iṣẹ́ yìí, ó ti bọ́ sí òmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó ń yàwòrán, orí bébà pàápàá tó. Wọ́n á gbé e fún èèyàn díẹ̀ kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Nielsen kọ ọ́ ní 2000 pé èèyàn 5 ti tó láti fi rí nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìṣòro tó wà nínú ojú ìlò kan. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n wá rò pé wọ́n lè bi èèyàn 5 bóyá ọjà máa tà. Ohun tí èèyàn 5 lè fi hàn ni ibi tí ẹsẹ̀ ti ń kọ. Iye èèyàn tó máa fẹ́ nǹkan náà, ìwádìí mìíràn ló ń sọ ọ́. Bí àwọn òǹlò bá sì jẹ́ oríṣi méjì tó yàtọ̀ síra, bí alájọ àti ẹni tó ń dá àjọ, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa ní èèyàn tirẹ̀.

Táàbù abánidíje kì í pẹ́ kó tó gbó. Ní oṣù Kẹwàá, 2022, báǹkì àgbà kéde pé òun máa pààrọ̀ owó náírà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì, 2023, owó bébà ti wọ́n bí ojú, áàpù àwọn báǹkì àtijọ́ ń kọ̀ láti fi owó ránṣẹ́, àwọn ọlọ́jà tí kò tíì ronú kan irú rẹ̀ rí sì ń ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tuntun nítorí ìdí kan ṣoṣo: owó ń wọlé lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n nípa àwọ̀. Táàbù tí dìsáínà ṣe ní oṣù mẹ́rin ṣáájú, tó kọ owó bébà sí i gẹ́gẹ́ bí abánidíje àkọ́kọ́, kò wúlò mọ́. Oní-POS tó kọ sí ìsàlẹ̀ ló ti bọ́ sókè, owó bébà fúnra rẹ̀ sì ti di ohun tí wọ́n ń tà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń kọ déètì sókè táàbù náà, tí wọ́n sì ń yan ẹni tó máa tún un wò, tó máa tún padà sí ọjà lọ jókòó.